Bí Ewéko Ṣe Ń Dúró, Bí Ó Ṣe Ń Dùbúlẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ìbà, ní Ọ̀jọ́ tàbí ní Okokomáíkò, mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ ògiri ilé yín fún ìṣẹ́jú kan. Ewéko kan kò ní ṣàì wà níbẹ̀, níbi tí sìmẹ́ǹtì ti là, tàbí níbi tí omi ẹ̀rọ ń kán sí. Ẹ má tíì béèrè orúkọ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe wà. Ṣé ó dúró ni, àbí ó dùbúlẹ̀? Ṣé ó ń fà lọ ni, àbí ó fara ti ògiri? Nígbà tí mo dé àdúgbò yìí, ọmọdé tó ń lọ pọn omi lè dáhùn ìbéèrè yìí láìdúró.

Olùkọ́ báólójì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Èkìtì ni wọ́n ti bí mi, ṣùgbọ́n Ìbà ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi, nítorí pé ọmọ Ọ̀jọ́ ni ìyàwó mi, Àníkẹ́. Ó kú lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ló wà láàrin èmi àti òun tí mi ò tètè yanjú, òun ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọ̀gbìn ní ilé ìwé kan nítòsí Ẹ́sítéètì Ìbà wá bá mi. Yétúndé ni orúkọ rẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "a fẹ́ kun ògiri ọgbà tí àwọn ọmọ ti ń dáko. A máa ya ewéko méjìlá sí i, a máa wá kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń hù sábẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá. Wọ́n mọ̀ ọ́n ní gẹ̀ẹ́sì o, wọ́n ń kà á bí orin. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, 'fúláwà' ni gbogbo rẹ̀. Àgbàdo, fúláwà. Ọ̀dùnkún, fúláwà."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín nínú yàrá mi. Mo bá a wá ìwé àkọsílẹ̀ mi àtijọ́ jáde, a sì rí ọ̀rọ̀ mọ́kànlá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn láti ẹnu Àníkẹ́. Nígbà tí a dé orí ìkejìlá, ọ̀rọ̀ méjì ló wà fún un. Ọ̀kan jẹ́ tèmi, ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀. Mo ti fa ìlà gba orí tirẹ̀.

"Èwo ni ká lò, Bàbá? Páńtà ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀."

Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀dà ni wọ́n fẹ́ fi kọ ọ́, sára ògiri ilé ìwé. Ohun tí a bá kọ síbẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò máa kà lẹ́yìn tí mo bá ti lọ tán. Mo ti ṣi irú ìpinnu yìí ṣe nígbà kan rí, mi ò fẹ́ ṣì í ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibí yìí ṣe rí nígbà náà, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín. Ibi tí ẹ ń rí òpópónà àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lónìí, oko ni. Ìyànà Ìbà tí ẹ kò lè sọdá láìwo ọ̀tún wo òsì nígbà mẹ́wàá, igi àgbọn mélòó kan àti ìyá kan tó ń ta ọsàn ló wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn láti Ọ̀jọ́ wá sí oko. Fèrè àwọn sójà ló ń ṣe aago fún àwọn obìnrin. Tí fèrè àárọ̀ bá dún láti bárékè, wọ́n á ti gbé ọkọ́ àti agbọ̀n sórí. Ẹ máa gbọ́ ọkọ́ tó ń ba òkúta kéékèèké, ẹ máa gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́ lápá àbàtà, ẹ sì máa gbọ́ ewé àgbọn tó ń dún bí òjò nígbà tí òjò kò rọ̀. Ó máa ń tàn mí jẹ títí tí mo fi pẹ́ níbẹ̀. Mo ti sáré kó aṣọ wọlé lójú oòrùn rí, tí àwọn ará ilé ń wò mí.

Bí ewéko ṣe wà ni wọ́n fi ń júwe ọ̀nà. Nígbà tí mo ń fẹ́ Àníkẹ́ sọ́nà, ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá wọn lóko. Ó ní, "Tíṣà, tí ẹ bá dé ibi tí àgbọn ti fì sómi, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ máa gba àárín àwọn tó dúró. Tí ẹ bá ti bá àwọn tó ń fà, ẹ ti kọjá wa." Èmi tí mo gboyè jáde ní yunifásítì, mi ò béèrè ohun tó túmọ̀ sí, nítorí ìtìjú. Mo rìn títí, mo dúró láàrin oko ọ̀dùnkún kan, mo ń pariwo orúkọ wọn. Bàbá Ẹ̀gùn tó ni oko náà jáde wá, ó wò mí láti orí dé bàtà.

"Ta lò ń wá?"

Mo sọ fún un.

"Èyí ń fà," ó ní, ó tọ́ka sí ilẹ̀. "Àwọn àna rẹ wà láàrin àwọn tó dúró." Ó nawọ́ sí oko àgbàdo tí mo ti là kọjá.

Bí mo ṣe kọ́ ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ nìyẹn. Àgbàdo àti ìrèké dúró ṣánṣán. Ọ̀dùnkún ń fà. Àwọn tó kù, ọwọ́ Àníkẹ́ ni mo ti kọ́ wọn lẹ́yìn ìgbéyàwó, díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe ń rìn lọ tí a ń rìn bọ̀. Pápásan tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹní. Ẹ̀gúsí bolẹ̀, ìyẹn ni pé ewé rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ rí erùpẹ̀ mọ́. Koríko etí omi ṣù, ó ń jáde láti ojú kan bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n gbé dúró. Èso ọ̀gẹ̀dẹ̀ so rọ̀. Igi àgbọn tó wà létí odò, wọn kì í sọ pé ó tẹ̀, ó fì ni, torí pé igi tó bá tẹ̀ ń fẹ́ ṣẹ́, èyí tó fì wà bó ṣe fẹ́ wà.

Ó ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ wọn báyìí. Ẹ wo iṣu àti elégédé. Lójú mi nígbà náà, àwọn méjèèjì ń gun igi, ó parí. Mo fún elégédé ní òpó tó nípọn bí apá mi, mo ń retí. Kò gùn ún. Àníkẹ́ dé, ó wo òpó náà, ó wo èmi náà.

"Ẹ ti fún un ní òpó iṣu."

"Ṣé kì í ṣe pé ó ń gun nǹkan ni?"

"Iṣu ń lọ́. Gbogbo ara ló fi ń yí òpó po, kò kọ̀ kó tóbi díẹ̀. Èyí ń dì mú. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀, bí òwú ló rí. Ta ló máa fi ọwọ́ bí òwú di òpó ilé mú? Ẹ fún un ní ẹ̀ka tín-ín-rín."

Mo fún un ní ẹ̀ka tín-ín-rín. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti dì í mú, ó ti wé e bí sípíríǹgì. Nínú ìwé tí mo kà ní yunifásítì, orúkọ ìlànà méjèèjì wà níbẹ̀ ní èdè Látìn. Igi tó yẹ kí èèyàn fún wọn ni kò sí níbẹ̀. Lẹ́nu àwọn obìnrin Ọ̀jọ́, bí o bá ti sọ bí ewéko ṣe wà, o ti sọ iṣẹ́ tó kù láti ṣe sí i.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè ni mo máa ń rántí jù. Ìjọ wa ní Okokomáíkò kò ju gbọ̀ngàn onípákó kan lọ nígbà náà. Àwọn èèyàn á kó irè oko wá, wọ́n á tò ó síwájú pẹpẹ bí ìgbà tí wọ́n pàtẹ. Ní ọdún kan, wọ́n gbé ètò náà lé Àníkẹ́ lọ́wọ́. Ó ní irè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà bó ṣe wà lóko. Ó so ìrèké ró mọ́ orí bẹ́ǹṣì. Ó tẹ́ ìtàkùn ọ̀dùnkún sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó jẹ́ kí elégédé ńlá kan, tòun ti ìtàkùn rẹ̀, fọwọ́ di irin iwájú pẹpẹ mú. Nígbà tí a ń kọ orin ìwọlé lọ́wọ́, bàbá ìjọ kan fẹsẹ̀ kọ́ ìtàkùn. Elégédé já, ó yí gbirigbiri láti orí àtẹ̀gùn, ó gba àárín àwọn akọrin kọjá, ó lọ dúró sí ẹsẹ̀ oníwàásù.

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ jẹ́ kó kọjá, ó fẹ́ jẹ́rìí!"

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Katikíìsì wa, tí kì í rẹ́rìn-ín, bínú lẹ́yìn ìsìn. "Ìyá Tèmi," ó ní, torí Tèmítọ́pẹ́ lorúkọ ọmọbìnrin wa, "irú ìkórè wo lèyí?"

"Ẹ má bínú, sà," Àníkẹ́ dáhùn. "Ọjà ni ẹ máa ń rí níbí. Oko ni mo gbé wá."

Lónìí, tí ẹ bá lọ sí ìkórè ní ìjọ kan náà, àpò ìrẹsì àti páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n ń kó síwájú. Mi ò bá wọn jà. Ohun tí èèyàn ní ló máa mú wá, kò sì sẹ́ni tó ní oko mọ́.

Nísinsìnyí, mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ìkejìlá wà.

Ewéko kan wà tó fẹ́ràn ẹsẹ̀ ebè, níbi tí ilẹ̀ bá ti tutù. Igi rẹ̀ rọ̀ bí ẹran ara, òdòdó rẹ̀ kéré, aláwọ̀ aró, kì í sì í pẹ́ kó tó rọ lójú oòrùn. Ìdí rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, ó tilẹ̀ ń ta gbòǹgbò níbi tó bá ti fara kan erùpẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò dùbúlẹ̀. Orí máa ń gbéra sókè, bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n pe òun. Kò dúró, kò sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Nínú ẹ̀kọ́ báólójì, ó ní orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìdánwò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ọdún kan, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi wá sí oko àwọn àna mi láti kọ́ wọn bí ewéko ṣe ń hù. Mo ti ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá nígbà náà. Mo fẹ́ tẹ ìwé kékeré kan fún wọn, inú mi sì dùn sí ara mi. Àníkẹ́ wá pẹ̀lú oúnjẹ. Mo bi àwọn ọmọ pé kí la lè pe ìdúró ewéko olódòdó aró yìí. Àníkẹ́, tó ń bu oúnjẹ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

"Ó ń rọ̀gbọ̀kú," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wo ojú mi.

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín ni. Mo ní, "Ẹ dákẹ́. Ẹni tó bá rọ̀gbọ̀kú ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ̀ ni. Ewéko kò ní ìgbọ̀nwọ́. Ọ̀rọ̀ ilé nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé. Ẹ kọ ọ́ pé adùbúlẹ̀-gbérí."

Wọ́n kọ ọ́. Mo rí bí ẹ̀rín ṣe kúrò lójú ìyàwó mi, bí ẹni tó pa fìtílà.

"Ẹ ṣé, Tíṣà," ó ní. Ó bu oúnjẹ tán, ó kó agbọ̀n rẹ̀, ó lọ.

Kò bá mi jà. Bí a ṣe ń gbé tẹ́lẹ̀ la ṣe ń gbé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sọ bí ewéko kan ṣe wà fún mi mọ́. Tí mo bá béèrè, ó máa ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ ìwé." Bí àkójọ mi ṣe dúró sí orí méjìlá nìyẹn. Ìwé kékeré náà jáde, àwọn ọmọ kọ́ adùbúlẹ̀-gbérí sórí, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó dé ilé. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé dé. Wọ́n ra ilẹ̀ oko lápá kan, wọ́n wọn òmíràn, katakata dé. Àwọn ìyá tó mọ̀ ọ́n kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ wọn ń ta ẹ̀rọ àti aṣọ ní Alábà, tàbí wọ́n ń háyà yàrá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì.

Nígbà tí Àníkẹ́ ń ṣàìsàn, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan wọlé ó bá a níbi tó fi ara lé ìrọ̀rí, tó gbé orí sókè, tó ń wo ojú fèrèsé.

"Màmá, ẹ dùbúlẹ̀ dáadáa, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọmọ mi, mi ò tíì tó ẹni tó ń tẹ́ pẹrẹsẹ," Àníkẹ́ dáhùn. "Mo ṣì ń rọ̀gbọ̀kú."

Ó wo ojú mi bó ṣe wò mí lóko lọ́jọ́sí, pẹ̀lú ẹ̀rín kan náà. Mo mọ̀ pé ó ń retí kí n sọ nǹkan. Mo ní kí n lọ pọn omi fún un. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kú.

Ẹ wá rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀dà lásán ni Yétúndé gbé wá fún mi. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ àwọn ìyá àtijọ́ ní Ọ̀jọ́ ni mo fa ìlà lé lórí. Ọ̀rọ̀ ìran wọn, tí mo fi tèmi rọ́pò. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe olùkọ́ pẹ́, mi ò lè fi ohun tí mi ò wádìí kọ́ ọmọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, mo lọ sí Ọ̀jọ́ láti lọ bá ẹ̀gbọ́n Àníkẹ́. Alájà ni gbogbo wa ń pè é, torí pé ó ti lọ sí Mẹ́kà. Òun nìkan ló kù nínú àwọn tó bá ìyá wọn ro oko náà. Mo bá a ní iwájú ilé, ó ń rin àgbọn sínú àwo.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Alájà."

"Ọjọ́ mẹ́ta? Láti ìgbà tí a ti sin ín lo ò ti yọjú. Tíṣà Èkìtì, ṣé o tún ti ya oko ọ̀dùnkún lọ ni?"

Mo tọrọ àforíjì, mo jókòó. Mo ní ọ̀rọ̀ kan ni mo wá béèrè.

"Èèyàn á wá kí wa, kò ní béèrè oúnjẹ, ọ̀rọ̀ láá máa béèrè. Ó dáa, béèrè."

"Ewéko tó máa ń wà lẹ́sẹ̀ ebè, olódòdó aró, tó dùbúlẹ̀ tó gbé orí sókè. Kí lẹ máa ń ṣe sí i láyé ìyá yín?"

"A máa ń fà á tu."

"Mo mọ̀, Alájà. Kí lẹ ń pe bó ṣe wà?"

"A ò pè é ní nǹkan kan. Ohun tó bá ti wà nílẹ̀ tó ń lọ, ó ń fà."

"Àníkẹ́ ní ó ń rọ̀gbọ̀kú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ìyá yín ni."

Ó dá ọwọ́ dúró lórí àgbọn. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, títí ó fi gbé àwo kúrò lórí ẹsẹ̀ kó má baà dà á nù.

"Ìyá wa kọ́! Ìwọ ni! Yéè, Tíṣà, ìwọ lọ̀rọ̀ náà!"

"Èmi báwo?"

"Ọjọ́ tí o wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna, o rántí? Ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjì, ẹ wọ ṣòkòtò funfun wá sóko."

Mo rántí ọ̀wẹ̀ náà. Ó jẹ́ àṣà pé kí ẹni tó ń fẹ́ ọmọ wọn wá bá wọn ro oko. Ohun tí mo rántí ni pé ọwọ́ mi bó.

"Ọwọ́ rẹ bó kí oòrùn tó yọ dáadáa," Alájà ń bá a lọ. "O ní o fẹ́ sinmi díẹ̀. O lọ na ara sílẹ̀ lábẹ́ àgbọn, o fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ, o ṣí ìwé. Ìwé wo lò ń kà? Orí rẹ wà lókè, ó ń wá àbúrò mi kiri inú oko. Tó bá lọ sí ọ̀tún, orí rẹ á tẹ̀ lé e. Tó bá lọ sí òsì, orí rẹ á tẹ̀ lé e. Ara ò kúrò nílẹ̀ o! Àwa obìnrin ń kú lọ fún ẹ̀rín. Ni Àníkẹ́ bá fa ewé kan tu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sókè, ó ní, 'Ẹ wo èyí náà, ó ń rọ̀gbọ̀kú bíi Tíṣà.' Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Tó bá ń ro oko tó bá bá a pàdé, ó máa ní, 'Ọkọ mi rèé.' Á sì yà fún un, kò ní tu ú."

Alájà wá wo ojú mi dáadáa.

"Ṣé o ò mọ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Kò sọ fún ọ?"

"Mi ò jẹ́ kí ó sọ."

Ó bu àgbọn rínrin fún mi sínú abọ́ kékeré, ó da ṣúgà lé e. A jọ jókòó níbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò níwájú ilé.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ti lọ wá baba ńlá fún ọ̀rọ̀ náà, èmi fúnra mi ni mo bá níbẹ̀. Kò wá sí nínú ìwé, kò sì sí lẹ́nu àwọn ìyá. Àwàdà ọmọbìnrin kan ni, nípa ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ bó. Ṣé ó yẹ kí irú rẹ̀ wà lára ògiri ilé ìwé? Mo fẹ́ ẹ níbẹ̀ ju ohunkóhun lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fọkàn tán ara mi. Tí mo bá fi ìfẹ́ nìkan gbé e síbẹ̀, mo ti tún fi agbára olùkọ́ ṣe é, bí mo ṣe fi agbára olùkọ́ yọ ọ́ nígbà yẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Yétúndé ní ẹnu ọ̀nà ọgbà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi bi àwọn tó máa lò ó."

Ó kó kíláàsì rẹ̀ jáde. Kò sọ èwo ni tèmi, kò sọ èwo ni ti ìyàwó mi. Ó ní kí wọ́n lọ wá ewéko tó jẹ́ adùbúlẹ̀-gbérí wá nínú ọgbà. Wọ́n fọ́n ká. Ọ̀kan fa pápásan wá, ọ̀kan mú ìtàkùn ọ̀dùnkún, ọ̀kan béèrè bóyá aláǹgbá ni. Ó ní kí wọ́n padà. Ó ní, "Ó dáa, ẹ wá èyí tó ń rọ̀gbọ̀kú."

"Àǹtí, kí ni rọ̀gbọ̀kú?"

"Bí èèyàn ṣe ń ṣe lórí àga gígùn, tó dùbúlẹ̀ tó fọwọ́ ti orí, tó ń wo tẹlifíṣọ̀n."

"Bíi dádì mi tí wọ́n bá ń wo bọ́ọ̀lù!" ọmọbìnrin kan kígbe. Ó na ara sórí koríko, ó fọwọ́ ti etí, ó ṣe ojú bíi ti bàbá rẹ̀. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín tán, mẹ́rin nínú wọn ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, wọ́n ń nàka sí ohun kan náà lẹ́sẹ̀ ògiri, níbi tí ilẹ̀ tutù. Òdòdó rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Mo sọ fún Yétúndé pé ó tán, rọ̀gbọ̀kú ni kí wọ́n kọ.

Páńtà náà, ọmọ Ẹ̀gùn kan tó ń jẹ́ Sẹ̀wánù, ti parí mọ́kànlá. Ó ti wo inú ìwé tí mo kọ fún un, ó fi gbogbo àmì síbi tó yẹ. Fún èyí tó kẹ́yìn, kò sí ìwé. Ohun tí a pè fún un ló kọ, lẹ́tà ńláńlá, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi fi àwọn tótótó yẹn sí i," ó ní. "Èmi ò mọ èyí tó lọ sókè."

Ó fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì kékeré. Mo gun àpótí tó ń dúró lé, Yétúndé di ẹ̀yìn aṣọ mi mú. Mo fi ọ̀dà kán tótó kékeré kan sábẹ́ ọ àkọ́kọ́ àti èkejì. Mo wá ní kí àwọn ọmọ bá mi pè é bí wọ́n ṣe kọ́ wọn, kí n má baà ṣì í. Wọ́n fi ohùn kan pè é: dò, dò, mí.

Ohùn ìsàlẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè. Láti ìgbà tí mo ti ń fi èdè ṣe iṣẹ́, mi ò fetí sí i rí. Ọ̀rọ̀ náà dùbúlẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó parí, ó wá gbé orí sókè. Mo fi àmì méjì àkọ́kọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni mo fi àmì òkè sórí èyí tó kẹ́yìn, mo sì sọ̀kalẹ̀.